Àbúrò mi ní oòrùn ṣì ń ràn láago mẹ́sàn-án alẹ́, ṣé ó ti ń mutí ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ lóko àlìkámà ní Saskatchewan ní Kánádà. Ìgbà tó bá wù ú ló máa ń pè mí, nígbà míì aago mẹ́rin ìdájí, wọn ò tíì pe ìrun àsùbá rárá, gbogbo ilé á ti jí. Lóṣù kẹfà ló pè, ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni lọ́dọ̀ òun, pé oòrùn ṣì wà lókè. Mo ní kó lọ sùn. Ẹ bá wa dá sí i. (Àgbẹ̀ oníṣu kan, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ẹ kú oko o. Àbúrò yín ò mu nǹkan kan, òótọ́ ló sọ, nǹkan méjì ló kàn lọ́ pọ̀ mọ́ra níbẹ̀. Ti aago lákọ̀ọ́kọ́: àwa la sún mọ́ ìlà oòrùn jù wọ́n lọ, ilẹ̀ wa ló ń kọ́kọ́ mọ́, wákàtí méje la fi ṣáájú wọn, tó bá jẹ́ mẹ́rin ìdájí Mọ́ńdè lọ́dọ̀ yín, mẹ́sàn-án alẹ́ Sọ́ńdè ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ ibi ní Kánádà máa ń yí aago síwájú sẹ́yìn lọ́dọọdún, àmọ́ Saskatchewan ò sí nínú ìyẹn, àfi ibi díẹ̀ létí ààlà, òfin wọn tọdún 1966 ló so ó mọ́ ojú kan, torí náà méje yẹn ò ní yẹ̀.

Ti oòrùn yàtọ̀ o. Òkè àríwá ni wọ́n wà. Ní Ọ̀fà, ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù, ìyàtọ̀ wọn ò tó wákàtí kan. Ní Saskatoon, ìlú ńlá kan ní Saskatchewan, oòrùn oṣù kẹfà ń yọ kí aago márùn-ún tó lù, ó di bíi mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ kó tó wọ̀. Ẹ wá bi í léèrè ní Dìsẹ́ńbà, á ní mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù oòrùn ti lọ, yìnyín bolẹ̀.

Yìnyín yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè gbin iṣu yín. Iṣu tó ń lo oṣù méje-mẹ́jọ nílẹ̀, ibo ló fẹ́ dé? Àlìkámà ń gbó ní bíi 100 ọjọ́, wọ́n á gbìn ín ní Méè, ìgbà táwa náà ń gbin àgbàdo, wọ́n á kó o ní Ọ́gọ́ọ̀sì sí Sẹ̀tẹ́ńbà, ó parí, kò sí àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àmọ́ èyí tó máa ń ya èmi lẹ́nu jù ni ilé wọn. Tiwa, ìlú nilé, oko ni ahéré, èèyàn ń lọ ó ń bọ̀, ẹ ó pàdé lójú ọ̀nà, ẹ ó kíra. Tiwọn, àárín oko gan-an nilé àgbẹ̀ wà, aládùúgbò lè wà ní máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa yà kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Mo rò pé ìdí tó fi ń pè yín nìyẹn, ẹ má bínú sí i jù.

Ẹ ní kó máa pè láago méjì ọ̀sán tiẹ̀, mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa jẹ́ fún yín, ẹ ti kírun, ẹ ti jẹun. Tó bá wá di ìgbà ìkórè, kò ní ráyè lọ́sàn-án, wọ́n máa ń tan iná kọ́ńbáìn, ẹ̀rọ ìkórè wọn, kórè wọ òru, kó pè yín tó bá sọ̀ kalẹ̀ láago méjìlá òru, méje àárọ̀ ni lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ń gbé ọkọ́ lọ sóko, òun ń toko bọ̀.