Ṣé owó tí òbí ní àti ìwé tó kà kan ìlera ọmọ tó ń bàlágà?

Ó kàn án gan-an, àmọ́ ọ̀tọ̀ niṣẹ́ owó, ọ̀tọ̀ niṣẹ́ ìwé. Owó ló ń ra ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà. Ní Bẹẹrẹ tàbí Òjé, n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 14 tó ń kiri omi inú ọ̀rá lẹ́yìn ilé ìwé lè mu gaàrí lásán sùn. Bó bá jẹ́ obìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù, àìtó ẹ̀jẹ̀ ò jìnnà sí i.

Ìwé ìyá ni àwọn èèyàn ń fojú kéré. Ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni o! Síbẹ̀, ìyá tó bá lè ka ìwé àlàyé rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í tètè gba àhesọ pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọmọ di àgàn.

Kì í sì í ṣe ilé tálákà nìkan ni àìsàn ń yà. Sísanra àsanjù wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ olówó tí mọ́tò ń gbé lọ gbé bọ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn kan náà, tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í tán nínú fíríìjì wọn.