Ọ̀rọ̀ dáínámáìtì yìí ti dójú tì mí rí

Àbúrò, o ní pásítọ̀ yín wàásù pé ara dáínámáìtì ni wọ́n ti yọ dunamis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún "agbára" nínú Bíbélì, o wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ yàrá ìdánwò rí, ojú mi sì rí màbo.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta. Àfẹnusọ ni ìdánwò náà. Ọ̀gá mẹ́ta jókòó, ọ̀kan ń jẹ ẹ̀pà. Gbogbo ohun tó kan iṣẹ́ ni mo dáhùn pátá. Ni ẹlẹ́pà bá béèrè ìtumọ̀ dáínámáìtì. Mo ní òun ló bí "agbára" tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:8. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Ó ní, "Ṣé Pétérù ń fọ́ àpáta ni?" Àwọn méjì yòókù náà bú sẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dúró kí wọ́n tó tún pè mí. Bẹ́ẹ̀ òun alára, TNT ló ń pe dáínámáìtì kí n tó jáde! Ẹ̀tù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni màá sọ ọ́ fún?

Dunamis, tí wọ́n tún ń kọ ní dynamis, ni agbára lédè Gíríìkì. Alfred Nobel, ará Sweden, ló fà á yọ ní 1867 láti fi sọ ẹ̀tù tirẹ̀, dáínámáìtì, lórúkọ. Bíbélì ló ṣáájú, ó fi bí ẹgbẹ̀sán ọdún (1,800) jù ú lọ.

Nitroglycerin tí Ascanio Sobrero ṣe ní Ítálì ní 1847 ló wà nínú dáínámáìtì. Ohun olómi tó ń bú gbàù ni, kò sì fẹ́ kéèyàn gbọ̀n ọ́n. Ní 1864 ilé iṣẹ́ àwọn Nobel tó ń ṣe é bú gbàù ní Stockholm, Emil àbúrò Nobel sì kú síbẹ̀. Nobel wá fi erùpẹ̀ fúyẹ́ kan, kieselguhr, fà á mu, ó sì ń pè é ní ẹ̀tù tí kò léwu.

Kò léwu kẹ̀? Bó o bá rí ògbólógbòó rẹ̀ tó ń làágùn, má sún mọ́ ọn o. Nitroglycerin ló ń jò yẹn. Sá, kó o lọ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ní ti pásítọ̀ yín, ọ́fíìsì rẹ̀ ni kó o ti lọ bá a. Má dìde láàárín ìjọ, kí ojú má bàa tì í bó ṣe tì mí.