Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé omi lásán tó fún rédíétọ̀ tá a bá ń lọ ráálì nínú yìnyín?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Injinníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Sweden ra Peugeot 504 àtijọ́ kan, ó sì ti forúkọ wa sílẹ̀ fún ráálì àwọn mọ́tò àtijọ́ lóṣù kìíní, ọjọ́ mẹ́ta, bíi kìlómítà 1,200. Òun ló máa wà á, èmi ni navigétọ̀, ẹni tó ń ka ọ̀nà fún awakọ̀. Torí mo kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì díẹ̀, ó ní kí n wá bá òun tún mọ́tò náà ṣe sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní níbi tó bá tutù ẹ́ńjìnì ò lè gbóná, pé kí n da kúláǹtì inú ẹ̀ nù, kí n fi omi lásán sí i, kí n sì yọ tẹmósítáàtì kómi lè máa lọ geere. Ṣé òótọ́ ni? Àti pé báwo la ṣe máa sáré tó ká tó gba ipò kìíní? (Láti Ìlasamàjà)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jẹ́ kí n tètè parí ọ̀rọ̀ eré sísá, torí èyí tó ń bí mi nínú ṣì ń bẹ níwájú.

Irú ráálì tó o sọ yẹn, bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣe fáwọn mọ́tò àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń sáré níbẹ̀. Títì tí gbogbo ayé ń gbà ni wọ́n máa ń lò, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé wà níbẹ̀. Wọ́n á fún yín níwèé ọ̀nà, wọ́n á ní láti ibí dé ibí kẹ́ ẹ máa rin kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé kìlómítà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà yín ní sẹ́kọ́ńdì 90, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Àwọn tó ń ṣọ́ aago á wá lọ fara pamọ́ síbi tẹ́ ẹ ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ ẹ jẹ gbèsè, tẹ́ ẹ bá yá jù náà ẹ jẹ gbèsè. Èmi alára, mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ní gáréèjì kan lọ́hùn-ún kí n tó padà wálé sí Yábàá, nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe navigétọ̀, a fi ìṣẹ́jú méjì ṣáájú àsìkò wa débi tí wọ́n ti ń lu káàdì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ àsìkò téèyàn dé sílẹ̀, mo sáré bọ́ọ́lẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mo na káàdì sí bàbá tó jókòó síbẹ̀. Bàbá wo aago, ó wo èmi, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ọmọ Èkó tó ti mọ́ lára pé ẹni tó bá gé iwájú dáńfó ló gbọ́n. Ipò tá a gbà lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí.

Torí náà aago àti ohun tó ń ka kìlómítà niṣẹ́ ẹ. Táyà òtútù lè tóbi tàbí kó kéré ju táyà tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò tẹ́lẹ̀ lọ, tí mítà bá sì fi kìlómítà kan ṣìnà nínú ọgọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ tó rìn 20 ẹ ti ṣi mítà 200, ní ìrìn 40 yẹn sẹ́kọ́ńdì 18 nìyẹn ti lọ. Wọ́n sábà máa ń wọn ibì kan sílẹ̀ fún yín kí ráálì tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ lè fi yẹ mítà yín wò. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ má lọ máa ya fọ́tò. Àwọn òfin tó kù, inú ìwé òfin ráálì yẹn ló wà, kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ráálì kan ò jọ ìkejì, mi ò fẹ́ kẹ́nì kan wá sọ pé èmi ni mo ní kóun ṣe é.

Ó yá, rédíétọ̀.

Orúkọ yẹn gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n gbọ́ kúláǹtì, wọ́n gbọ́ kúùlù nínú ẹ̀, wọ́n ní ohun tó ń mú nǹkan tutù ni, ibi tó ti tutù tẹ́lẹ̀ kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ó jọ òótọ́. Irọ́ ni. Omi ló ń mú ẹ́ńjìnì tutù, ká tiẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí, omi lásán ń gbé ooru ju kúláǹtì lọ. Gláíkọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ṣe kúláǹtì, ohun kan tó ki díẹ̀ bí omi ṣúgà, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kómi tètè hó, kì í sì í jẹ́ kómi dì, wọ́n tún máa ń fi oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà sí i. Àwa ní Èkó, ti híhó yẹn nìkan la mọ̀, torí gò-síló la fi ń jẹun àárọ̀. Ibi tó ò ń lọ yìí, ti dídì yẹn ló máa gbà ẹ́.

Ṣé o ti gbàgbé ìgò kóòkì sínú fìrísà rí? O mọ ohun tó o bá láàárọ̀. Omi tó bá ń dì, ṣe ló ń wú, èyí tó jẹ́ 100 tẹ́lẹ̀ á di bíi 109. Pọ́ọ̀wọ́tà á wú bí ìrọ̀rí, láílọ́ọ̀nù ni, ó lè fẹ̀. Bílọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnì ò lè fẹ̀. Tí mọ́tò tẹ́ ẹ rọmi lásán sí bá sùn síta ní òtútù -15 lórí ìwọ̀n Celsius, bílọ́ọ̀kì á sán, rédíétọ̀ á ya, ẹ ò sì ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú nínú ẹ̀, torí yìnyín ló ṣì dí ojú ibi tó ti sán. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná tí yìnyín yọ́ lomi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó tiẹ̀ lè dà wọnú ọ́ìlì, ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ẹ bá nǹkan funfun lára ẹ̀ bí ògì. Àwọn kan á ní àwọn àwo irin róbótó-róbótó tó wà lára bílọ́ọ̀kì ló máa fò yọ tá á gba ẹ́ńjìnì là. Ohun tí wọ́n fi dí ihò tí wọ́n gbà kó yẹ̀pẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n ń rọ irin yẹn ni, nígbà míì wọ́n á fò yọ, nígbà míì bílọ́ọ̀kì á ti sán kí wọ́n tó rántí. Tó bá jẹ́ ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni, kó tó di ọ̀sán o ti rí ẹ́ńjìnì 504 òmíì. Lọ́hùn-ún, lálẹ́ ọjọ́ kejì ráálì, ta lo fẹ́ pè?

Lọ́dún tó kọjá oníbàárà kan bá mi jà, ó ní olè ni mí, pé kúláǹtì tí mo rà fóun ti wọ́n jù, pé òun rí i lẹ́bàá títì ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀. Mi ò jiyàn. Mo lọ ra tẹ̀bàá títì yẹn, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Mo wá ike mẹ́ta tó bára mu, mo rọ omi ẹ̀rọ sínú ọ̀kan, mo rọ aláwọ̀ ewé yẹn sínú ìkejì, mo po ojúlówó gláíkọ́ọ̀lù mọ́mi ní dọ́gbadọ́gba sínú ìkẹta, mo kó gbogbo ẹ̀ sí fìrísà ilé mi, a sì tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú torí ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà lọ́kàn mi. Láàárọ̀, ti omi ti le bí òkúta, ìdí ike ẹ̀ ti yọ bí ikùn, kò lè dá dúró mọ́. Aláwọ̀ ewé dì gbagidi, ó mọ́ rekete bí àìsìkirimù, mo yí ike ẹ̀ dojú dé, kò sí ẹ̀kán kan tó jáde. Ìkẹta, mo gbé e sétí, mo mì ín, ó ń dún wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ nínú ike. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Kò bá mi yọ̀, ó ní májèlé lo gbé ti ẹja tá a fẹ́ jẹ. Ó jàre. Gláíkọ́ọ̀lù dùn lẹ́nu, ajá á lá a, ọmọdé á lá a, ó sì máa ń ba kíndìnrín jẹ, ó ń pààyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ má gbé tiyín sí fìrísà, mo ti bá yín ṣe é.

Dọ́gbadọ́gba yẹn, gláíkọ́ọ̀lù kan omi kan, kì í dì títí tó fi dé nǹkan bíi -37. Ni ẹlòmíì á bá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ kóun kúkú rọ gláíkọ́ọ̀lù nìkan, kóun má fi omi là á rárá. Yéè! Gláíkọ́ọ̀lù nìkan, bíi -13 ló ti ń dì. Ìgbà tóun àtomi bá pàdé lágbára dé. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí nípa ògógóró, ẹ má rẹ́rìn-ín, ọtí làwọn èèyàn ń rọ sí rédíétọ̀ láyé ìgbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í jẹ́ kómi dì lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ́ńjìnì bá ti ń gbóná lọtí ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, tó bá yá omi lásán lẹ tún ń gbé kiri.

Tẹmósítáàtì ńkọ́? Ilẹ̀kùn kékeré ni. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù, ó máa ń tì kómi má tíì lọ sí rédíétọ̀, tó bá dé bíi 82 tàbí 88 á ṣí. Àwọn ọ̀gá wa ti yọ ọ́ jù sí gọ́tà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wà l'Ékòó, wọ́n ní oòrùn pọ̀ níbí. Mi ò fara mọ́ ọn níbí pàápàá. Lọ́hùn-ún, ìyà ni. Omi tó ti rédíétọ̀ dé bí omi yìnyín á máa yí ẹ́ńjìnì ká láìdúró, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná débi tó yẹ, epo á máa jó bí ẹni pé ẹ̀ ń dà á sílẹ̀, hítà á máa fẹ́ atẹ́gùn tútù, èémí yín á lẹ̀ mọ́ wínsíkírínì, á sì dì síbẹ̀ látinú. Ìwọ tó o fẹ́ kàwé ọ̀nà tó o fẹ́ tẹ aago, ìka ẹ á ti kú. Kómi máa lọ geere tí ọ̀gá ẹ sọ yẹn, òun gan-an la ò fẹ́.

Mi ò bú ọ̀gá ẹ o. Ohun tójú ẹ̀ rí ní Mushin ló fi kọ́ ẹ.

Táyà: ní Sweden, láti 1 oṣù kejìlá sí 31 oṣù kẹta, tójú ọ̀nà bá ti ní yìnyín, òfin ní kẹ́ ẹ lo táyà òtútù, kí eyín ẹ̀ má sì dín sí mílímítà 3. Ẹ wo ara ẹ̀, ẹ máa rí àwòrán òkè tí yìnyín wà láàárín ẹ̀. Táyà tó ní ìṣó, wọ́n gbà á láyè ní Sweden nígbà òtútù, àmọ́ wọn ò gbà á ní Jámánì, ráálì míì náà sì máa ń kọ̀ ọ́, ẹ tún padà sínú ìwé òfin yẹn. Géèjì ẹ má jẹ́ tinú ilé: táyà tẹ́ ẹ wọn níbi tó gbóná dé 20, tó bá jáde sí -20, bíi psi 6 ló máa sọ̀ nínú géèjì ọ̀hún, ẹ wọn ọ́n níta. 504, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, kó rọra tẹ epo. Àmọ́ tẹ́nì kan bá fi yín ṣẹlẹ́yà pé mọ́tò Afíríkà lẹ gbé wá, ẹ sọ fún un pé Ove Andersson, ọmọ Sweden bíi tiẹ̀, 504 ló fi gba ipò kìíní ní Safari Rally, ráálì ilẹ̀ Kenya, lọ́dún 1975.

Ẹ mú ṣọ́bìrì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, okùn ìfàmọ́tò àti iná ọwọ́ dání. Tẹ́ ẹ bá há sínú yìnyín tẹ́ ẹ sì ń tan ẹ́ńjìnì torí hítà, ẹ kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀ lọ gbẹ́ ìdí sàléńsà, torí tí yìnyín bá dí i, èéfín á padà sínú mọ́tò, ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fáwọn tó gbé e sí kọ́rídọ̀ ní òru ló máa ṣe fún yín. Bátìrì tó bá ti rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó dé, ní -18 bíi ìdajì agbára ẹ̀ ti lọ. Ọtí ò sí o, ìdá 0.2 ọtí nínú ẹgbẹ̀rún ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ṣààlà fún awakọ̀ lọ́hùn-ún, bíà kan ṣoṣo lè kó yín sí wàhálà.

Ní báyìí, mi ò rí mọ́tò náà, ìwé tó bá mọ́tò yẹn wá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé lórí irú kúláǹtì tó gbà. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe lónìí ni kó o pe ẹ̀gbọ́n ẹ, kó gbé e lọ sí gáréèjì kan níbẹ̀, wọ́n ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi ń fa kúláǹtì wò, á sọ iye òtútù tó lè gbà kó tó dì. Kó kọ nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí ẹ. Tó bá lè gba òtútù tó ju -30 lọ kó tó dì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà kó wà á fún bí ogún ìṣẹ́jú kó sì tan hítà, tó bá fẹ́ ooru gidi sí i lẹ́sẹ̀, kò sóun tó ṣe tẹmósítáàtì. Tó bá jẹ́ atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́, bóyá ó ti bàjẹ́, bóyá ẹnì kan tó jọ ọ̀gá ẹ ti ṣáájú wa débẹ̀.