Kí ló fà á tí olùdarí fíìmù tó ti ṣe àṣeyọrí fi máa ń já wa kulẹ̀ lẹ́yìn náà?

Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé àṣeyọrí àkọ́kọ́ ń fún olùdarí ní owó púpọ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá a lọ́wọ́ kọ́ mọ́. Wo Michael Cimino, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà: The Deer Hunter (1978) gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar 5, ṣùgbọ́n Heaven's Gate (1980), tí wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 44 dọ́là lé lórí, kò pa tó mílíọ̀nù 4 wọlé.

Àmọ́ nígbà mìíràn, ìrètí wa gan-an ni kò tọ́. Ní Òṣogbo níbí, ẹni tó bá fi ojú Ṣaworoidẹ (1999) wo Arugbá (2008), tí Túndé Kèlání darí méjèèjì, yóò pàdánù ẹwà rẹ̀, nítorí pé ète wọn kò rí bákan náà.