Èsì: Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni kan náà ló ń gba àmì ẹ̀yẹ?

Ẹ béèrè ìdí tó fi jẹ́ àwọn kan náà ló ń gba àmì ẹ̀yẹ ẹ̀ka ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́dọọdún. Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń fa èèyàn kalẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ "Kí nìdí tó fi yẹ?" nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ìwé kọ ló máa wọlé. Ẹ béèrè ohun pàtó: kí ló ṣe, nígbà wo, ta ló ṣe láǹfààní? Ọ̀rọ̀ 250 ti tó.

Ẹ ya òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti alábàáṣiṣẹ́ sọ́tọ̀. Láàárín òṣìṣẹ́ pàápàá, ọ̀gá ẹ̀ka àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ò lè jọ du ipò kan náà, ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ ẹni 5 dáa, kí 2 jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí kálukú fúnni ní máàkì kí wọ́n tó jókòó pọ̀, torí bí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn máa mi orí ni. Ẹni tó fa èèyàn kalẹ̀ ò gbọdọ̀ fún un ní máàkì.

Àwọn ẹ̀ṣọ́, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ láíbìrì ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ẹ lọ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn. Kí ẹ sì tó tẹ orúkọ sára pátákó, ẹ jẹ́ kí olórúkọ fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.