"Wagwan" lẹ́nu ọmọ Ìjẹ̀bú: ṣé ọmọ mi ti bá ẹgbẹ́ burúkú lọ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham la ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi àti bàbá àwọn ọmọ, a ò ní Jàmáíkà kankan lẹ́bí. Ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, "wagwan" (ìyẹn "kí ló ń ṣẹlẹ̀?") ló fi ń kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí fóònù, "mandem" lọ́tùn-ún, "bare" (ìyẹn "púpọ̀") lósì. Bàbá ẹ̀ ní àwọn jàǹdùkú ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn, ó fẹ́ gbé e lọ sí bọ́dìn ní Nàìjíríà. Kí la máa ṣe?
(Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Dádì má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èdè Lọ́ńdọ̀nù lọmọ yín ń sọ o, ó kàn jẹ́ pé àwọn ará Jàmáíkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ni. Ní 1948 lọkọ̀ ojú omi Windrush tó kó ọ̀pọ̀ ará Jàmáíkà wá gúnlẹ̀ sí èbúté Tilbury, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń ya dé ṣáá, wọ́n wà ní Brixton, wọ́n wà ní Hackney, nígbà táwọn ọmọ tiwa wá pọ̀ ní school, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn ló sì láyé. Àní nígbà kan àwọn ọmọ wa ń díbọ́n pé Jàmáíkà làwọn torí wọ́n máa ń fi "African" bú wọn!

Ọmọ kì í kọ́ èdè àdúgbò lẹ́nu ìyá ẹ̀, ẹnu ẹgbẹ́ ẹ̀ ni, àgàgà tí Gẹ̀ẹ́sì àwa òbí fúnra ẹ̀ bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Ìjẹ̀bú (ẹ má bínú). Jenny Cheshire àti Paul Kerswill, àwọn ọ̀mọ̀wé onímọ̀ èdè, lọ gba ohùn àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Hackney, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ òyìnbó mẹ̀kúnnù tó ń bá ọmọ dúdú rìn náà ń sọ ọ́. Skepta, olórin tó gba ẹ̀bùn orin Mercury Prize ní 2016, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n tọ́ ní Tottenham, ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú orin ẹ̀, ọ̀kan náà ni. "Mandem" tó ń bí Dádì nínú yẹn, "dem" ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ "àwọn" tiwa ni, "àwọn ọkùnrin" lọmọ náà sọ, kò bú ẹnikẹ́ni.

Ibi tí Dádì ti ní pọ́íntì ni pé kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gbà á. Ní 2013 school kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù fòfin de "bare" àtàwọn míì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ intáfíù iṣẹ́ làwọn ń rò. Ẹ fetí sí bó ṣe ń bá tíṣà ẹ̀ sọ̀rọ̀, àti màmá àgbà lórí WhatsApp. Tó bá ń yí ohùn padà, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Àmọ́ tó bá ń pẹ́ wọlé, tàbí ó ń wọ bàtà tẹ́ ò mọ ẹni tó rà á, ìyẹn ni kẹ́ ẹ pè é jókòó lé lórí, kì í ṣe "wagwan".