Àga tí adájọ́ pè ní ohun ìjà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nínú bárékè àwọn ológun kan ní Texas bá ẹnì kan jà, ó sì la àga mọ́ ọn. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ohun ìjà eléwu ni àga náà, ó sì torí rẹ̀ fi kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ṣé a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí àfikún yẹn nìkan?

Ìdáhùn: Ẹ lè pè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti ń lọ. Ọjọ́ 14 péré ni òfin fún un láti fi ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́jọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ìdájọ́ sínú ìwé. Adájọ́ lè fi ọjọ́ 30 kún un bí ìdí gidi bá wà, àmọ́ ẹ má gbójú lé e. Ẹ tún wò ó bóyá ó fọwọ́ sí àdéhùn pé òun kò ní pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí ń kú sí. Síbẹ̀, bó bá ní kí agbẹjọ́rò rẹ̀ fi ìwé náà sílẹ̀ tí onítọ̀hún kò ṣe é, ó lè fi ìyẹn gba ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ rẹ̀ padà, àdéhùn ì báà wà; ẹjọ́ Garza v. Idaho tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ní ọdún 2019 ló fìdí èyí múlẹ̀.

Ní ti àga fúnra rẹ̀, ẹ má sọ pé “àga lásán ni.” Ìlànà ìjìyà ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìwé tí adájọ́ fi ń ṣírò ẹ̀wọ̀n, dárúkọ àga gan-an ní apá §2A2.2, pẹ̀lú mọ́tò àti irin tí a fi ń fọ́ yìnyín: ohun tí a kì í sábà fi jà di ohun ìjà eléwu bí a bá lò ó pẹ̀lú èrò láti pa èèyàn lára. Èrò yẹn ni kókó. Ṣé ó gbé àga láti fi dí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ ni, àbí ó tẹ̀ lé ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà kó tó là á mọ́ ọn? Ìlànà náà ń fi ìpele díwọ̀n bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe wúwo tó: mẹ́rin ni wọ́n ń fi kún un bó bá lo àga náà, mẹ́ta bó bá kàn fi halẹ̀. Fún ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, ìpele 14 tí irú ẹjọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ oṣù 15 sí 21, ìpele 18 lẹ́yìn àfikún mẹ́rin sì jẹ́ oṣù 27 sí 33, kí a tó ka ọgbẹ́ tàbí gbígbà tó gbà pé òun jẹ̀bi mọ́ ọn. Àwọn kan á ní wọ́n ti ka àga náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láti fi sọ ìjà náà di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, lẹ́ẹ̀kan sí i láti fi kún ìpele. Èmi kì í gbójú lé àwíjàre yẹn, torí ìlànà náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá agbẹjọ́rò rẹ̀ tako àfikún náà kí adájọ́ tó dá ẹjọ́. Bí kò bá takò ó, àṣìṣe tó hàn gbangba nìkan ni ilé ẹjọ́ òkè máa wò. Kí ẹ sì wá gbólóhùn kan nínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà: bí adájọ́ bá sọ pé iye oṣù kan náà ni òun ì bá fún un láìsí àfikún, wọ́n lè gbà pé ó ṣì í kà, kí wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí ẹ bá borí, adájọ́ ni yóò tún ìjìyà náà ṣírò. Wọn kò ní tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí àbúrò yín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà lónìí pé kí agbẹjọ́rò fi ìwé náà sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.